Abọ́ Tò Lórí Abọ́: Oúnjẹ àti Ẹbí nínú Àwòrán Ohun Aláìlẹ́mìí

Bí ènìyàn bá wọ yàrá ìyàwó nínú ilé Hausa ní Badarawa, ní apá àríwá ìlú Kàdúná, abọ́ ni ojú rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bá. Abọ́ tánganran olódòdó, àwo gíláàsì, kúlà oúnjẹ àti ìkòkò, gbogbo wọn á tò lórí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tàbí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kayan ɗaki ni wọ́n ń pè é. Àwọn òbí ìyàwó ló ń rà á, pàápàá ìyá, àwọn obìnrin ìdílé á sì dá sí i. Àwọn obìnrin yìí kan náà ni yóò lọ tò ó sí ilé ọkọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í fojú kan ọbẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á ti mọ irú ilé tí ìyàwó ti wá, bóyá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ pọ̀, àti bóyá owó wà lọ́wọ́ wọn lọ́dún ìgbéyàwó náà. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò jìnnà sí yàrá yìí: ayàwòrán tó bá ya oúnjẹ àti abọ́, ẹbí ló ń yà. Adùn ọbẹ̀ tàbí pípọ́n èso lè fa ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú un jókòó ti iṣẹ́ náà ni okùn tó so àwọn tó ra nǹkan, tó sè é, tó sì jẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn.

Ilẹ̀ Yúróòpù ni a ti sábà ń mú àpẹẹrẹ irú àwòrán yìí, nítorí náà ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ ná. Ní ìlú Haarlem, ní ilẹ̀ Netherlands, ní nǹkan bí 1620 sí 1660, Pieter Claesz àti Willem Claesz Heda ya tábìlì oúnjẹ lọ́pọ̀ ìgbà: búrẹ́dì, ẹja, ife wáìnì, àti ata dúdú tí wọ́n fi ewé ìwé kàlẹ́ńdà wé. Àwọn olùkọ́ máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ara gíláàsì hàn wá, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀. Ata dúdú náà kò hù ní Haarlem; ọkọ̀ òkun ló gbé e láti Éṣíà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú ṣúgà ayé ìgbà náà ti inú oko tí àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà ń ṣiṣẹ́ ní Brazil wá, níbi tí àwọn ará Netherlands fúnra wọn ti jọba lé apá kan lórí láàárín 1630 sí 1654. Ìdílé olówó ló so àwòrán wọ̀nyí mọ́ ògiri, ohun tí wọ́n sì ń rí lára ògiri náà ni ọrọ̀ ilé tiwọn. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1740, Chardin gbé àwòrán ìyá kan àti ọmọ méjì nídìí tábìlì jáde ní Paris, àdúrà ni ọmọ ń gbà kí wọ́n tó jẹun. Ní 1885 Van Gogh ya ìdílé àgbẹ̀ kan ní Nuenen tí wọ́n ń jẹ ọ̀dùnkún lábẹ́ fìtílà, ó sì kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ pé ọwọ́ tí wọ́n nà sínú àwo yìí náà ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀.

Cézanne, ayàwòrán ará Faransé, ni ẹlẹ́rìí tó le jù lọ fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí. Àwọn tó ka iṣẹ́ rẹ̀ sí àwọ̀ àti ìrísí lásán kò kéré: ápù ni ápù, kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ṣùgbọ́n Joachim Gasquet, tó bá a ṣọ̀rẹ́ lọ́jọ́ ogbó, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Cézanne sọ fún òun bí òun ṣe gba Émile Zola, tó di òǹkọ̀wé lẹ́yìn náà, sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé tó ń fìyà jẹ ẹ́ ní Aix, tí Zola sì gbé apẹ̀rẹ̀ ápù wá fún òun lọ́jọ́ kejì. Ní 1968 Meyer Schapiro, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, gbé àpilẹ̀kọ pàtàkì kan ka orí ìtàn yìí. N kò ní kí a gbà pé gbogbo ápù tó yà ti inú apẹ̀rẹ̀ náà jáde, àsọdùn nìyẹn yóò jẹ́. Ohun tó tó fún mi ni pé, nígbà tí ọ̀rọ̀ ápù dé ọ̀dọ̀ ẹni tí gbogbo ayé ní ìrísí nìkan ló ń wá, ọ̀rẹ́ àti oore ló mẹ́nu bà.

Nílé wa níhìn-ín, ayàwòrán Njideka Akunyili Crosby ni ẹ̀rí tó hàn jù. Enugu ni wọ́n bí i sí ní 1983. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1999, ó parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yale ní 2011, ó sì gba ẹ̀bùn MacArthur ní 2017. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní Tea Time in New Haven, Enugu, ti 2013, tábìlì tíì ló yà. New Haven jẹ́ àdúgbò kan ní Enugu, ó sì tún jẹ́ ìlú tí Yale wà, ilé méjì sì pàdé lórí tábìlì kan. Àwọn òyìnbó ló fi tíì mímu sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ìdílé Nàìjíríà ti sọ ọ́ di tirẹ̀ pẹ̀lú mílíìkì inú agolo àti búrẹ́dì tó nípọn. Ní 2014 ó ya Mama, Mummy and Mamma, níbi tí ìran obìnrin mẹ́ta, ìyá àgbà, ìyá àti ọmọ, ti pé jọ sí ìdí tábìlì kan náà: fọ́tò ni àwọn àgbà fi wà níbẹ̀, ọmọ jókòó, ohun èlò ilé sì tò síwájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni Dora Akunyili, ẹni tó darí NAFDAC tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mowó, iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mímọ ohun tí ará ìlú ń jẹ àti oògùn tí wọ́n ń lò. Crosby tún máa ń da fọ́tò inú álúbọ́ọ̀mù ẹbí àti inú ìwé ìròyìn Nàìjíríà kọ sórí pépà, débi pé ògiri àti aṣọ inú àwòrán náà kún fún ojú ènìyàn. Vilhelm Hammershøi, ará Denmark tó máa ń ya yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, wà lára àwọn tí Crosby kọ́gbọ́n lára wọn. Ọgbọ́n yíyà ló mú lọ́dọ̀ rẹ̀, ilé wọn ló ti mú ohun tí yóò yà.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: pé iṣẹ́ kíláàsì òyìnbó ni yíya èso àti ìgò, kò sí nínú ọnà wa. Òótọ́ ni pé Aina Onabolu (1882–1963), ẹni tó jà kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ ọnà ní àwọn iléèwé Èkó, gbé ọ̀nà yíyà ti òyìnbó lékè. Òótọ́ sì ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zaria, Uche Okeke, Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya, Demas Nwoko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó dá Zaria Art Society sílẹ̀ ní 1958, ṣọ̀tẹ̀ sí ẹ̀kọ́ tí kò mọ ilé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí a máa ya nǹkan ẹlòmíràn bí ẹni pé a kò ní tiwa. Títo oúnjẹ kalẹ̀ kí ó lè sọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ẹ wo tábìlì ìsọmọlórúkọ: omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, àádùn. Wọn kò tò ó kí ẹnikẹ́ni lè yó. Nǹkan kọ̀ọ̀kan ní àdúrà tirẹ̀, àgbà tó di wọ́n mú sì ń fi ọmọ hàn fún ìdílé ni. Ẹrù ìdána rí bẹ́ẹ̀ náà, níbi tí iye iṣu tàbí obì ti ń sọ bí ìdílé ọkọ ṣe ka ìdílé ìyàwó sí. Ẹni tó ń gbé Kàdúná nínú àwọn Yorùbá kò ní pẹ́ mọ̀ pé kayan ɗaki àti ẹrù ìdána ń sọ èdè kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ibi tí ẹrù ti ń wá yàtọ̀.

Àtakò kejì wúwo jù ní Badarawa, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí: pé ẹ̀sìn kò fẹ́ àwòrán. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bí ìdínà náà ṣe le tó, ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́mìí ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Hadiisi kan wà nínú àkójọ Bukhari tí Ibn Abbas ti gba ayàwòrán kan nímọ̀ràn pé bí kò bá lè ṣíwọ́ iṣẹ́ náà, igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí ni kó máa yà. Èyí kò dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń ya abọ́ rárá. Ó tilẹ̀ jọ pé níbẹ̀ ni irú àwòrán yìí ti wúlò jù: ìdílé tí kò fẹ́ kí wọ́n ya ojú ìyá wọn kọ́ ògiri lè gbà kí wọ́n ya abọ́ tí ìyá rà, igbá fura tó fi ń ta nono, tàbí tásà tí wọ́n gbé tuwo sí fún àlejò. Ìyá á wà nínú àwòrán láìsí ojú rẹ̀ níbẹ̀. Ó tún lè pa ìrántí ohun tó sọnù mọ́: lẹ́yìn rògbòdìyàn Sharia ti February 2000 ní Kàdúná, tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ṣí lọ sí gúúsù Kàdúná tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì ṣí wá sí àríwá, kì í ṣe gbogbo ẹbí ló rí ẹrù ilé rẹ̀ kó. Àwòrán abọ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Àwọn kan yóò ní ìfigagbága ni kayan ɗaki, pé gbèsè ló ń kó bá ìyá ìyàwó, ìfẹ́ ẹbí kò sí nínú rẹ̀. Gbèsè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹbí kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Ìjà, ìtìjú àti àṣehàn wà nínú rẹ̀, àwòrán tó bá fi gbogbo rẹ̀ hàn ló ya ẹbí dáadáa. Àwọn ará Netherlands náà ní irú àwòrán oúnjẹ kan tí wọ́n dìídì ń yà fún àṣehàn, kò sì sí ẹni tó yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà nítorí ìyẹn. Pé iléeṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ló sì ṣe ọ̀pọ̀ nínú abọ́ náà kò yí nǹkan padà: abọ́ China wà lórí tábìlì tí Willem Kalf, ọ̀kan lára wọn, yà náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Kàdúná àti Zaria, nígbà tí ẹ bá ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, ẹ kó ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ọsàn méjì yẹn kúrò lórí tábìlì. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé abọ́ kan wá láti ilé, kí ó sì bi ìyá rẹ̀ léèrè ẹni tó rà á kó tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù.