Su Xuelin ní Ìlú Lyon

Ní ilẹ̀ Ṣáínà láyé àtijọ́, a kì í bi ọmọbìnrin léèrè kí a tó fi í fọ́kọ: alárinà a máa ti ilé kan bọ́ sí èkejì, àwọn àgbà a jókòó, wọn a parí ọ̀rọ̀, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn a sì gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìròyìn ìlú mìíràn. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a bí Su Xuelin sí ní 1897, ilé tí bàbá bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ọba. Wọ́n fi ọ̀já di ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kékeré, ẹkún àti àgídí ni ó fi gba àyè ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti fẹ́ Zhang Baoling sọ́nà fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà.

Láti 1919 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Beijing ti tú sí ìgboro ni ariwo ti gbòde pé kí olúkúlùkù yan olólùfẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Ṣáínà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1921, nínú odi ológun àtijọ́ tí a ń pè ní Saint-Irénée, Su bá wọn wọkọ̀ ojú omi lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ 473 ni ó gba ibẹ̀ kọjá kí a tó tì í ní 1946.

Àwòrán yíyà ni ó lọ kọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń wá ohun tí ó ju àwòrán lọ. Ó ń kọ̀wé sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, bóyá ìfẹ́ a lè hù níbi tí àwọn àgbà gbin àdéhùn nìkan sí, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó wá sí Faransé kí wọ́n lè mọ ara wọn; èsì tí ń bọ̀ kò ní ọ̀yàyà kankan nínú. Àwọn obìnrin Ìjọ Àgùdà ni ó fi ojú àánú wò ó nínú ìdánìkanwà yẹn, nígbà tí ó sì di 1924, ó ṣèrìbọmi, ó fi ara rẹ̀ fún Ọba Arínúróde, Olùmọ̀ràn Ọkàn, ní ìlú tí òkè Fourvière, òkè Màríà Wúndíá, dúró lé lórí. Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré rárá, nítorí pé láti 1922 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà ti ń gbógun ti ẹ̀sìn Kristi pé ti àwọn amúnisìn ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kẹ́gàn rẹ̀. Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ yìí ni ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn jù lọ láyé, tí kì í ṣe ti òbí, tí kì í sì í ṣe ti àwùjọ.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìròyìn àìsàn ìyá rẹ̀ dé, ó padà ní 1925, ó sì fẹ́ Zhang gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń fẹ́. Ìgbéyàwó náà kò tòrò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ wọn kò kọ ara wọn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Lyon ni ó fi ṣe *Jixin*, ìwé ìtàn àròsọ tí ó jáde ní 1929, tí ìfẹ́ ìyá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ní 1950, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó tún wọkọ̀ lọ sí Yúróòpù, ó bá àwọn olùjọsìn dé Róòmù, ó sì kàwé ní Paris kí ó tó lọ máa kọ́ni ní Taiwan, níbi tí ó kú sí ní 1999.