Ọjọ́ Sátidé Tí Omi Fúnra Rẹ̀ Gun Àtẹ̀gùn

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí

Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló jí mi. Iná ìjọba dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ àná, láti ìgbà náà sì ni pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi lọ sínú asẹ́ ti ń kùn nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, mo mọ̀ pé dúrọ́ọ̀mù ti kún. Lítà 12 ni ẹ̀rọ asẹ́mi náà ń sẹ́ ní wákàtí kan. Lítà 100 sì ni dúrọ́ọ̀mù náà ń gbà. Bọ́ọ̀lù kan wà lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tó ń dá omi dúró nínú tánkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òun ló ti omi pa nígbà tí mo ṣì ń sùn.

Mo ki mítà tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi bọ inú rẹ̀: 0. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Omi kànga ẹ̀rọ àdúgbò wa ní Ṣúrùlérè ní irin nínú. Asẹ́ àkọ́kọ́ tó funfun báláú nígbà tí mo fi í sí i ti pọ́n bí aṣọ tí a rẹ sínú osùn. Àwa ènìyàn lè gbé e mì, ṣùgbọ́n ẹ̀dá inú òkun, irú ẹja, edé àti iyùn tí mo ń sìn nínú tánkì gíláàsì nílé, kò lè fara dà á. Bàbà díẹ̀ tó yọ́ láti ara páìpù ti tó láti pa edé.

N kò ru ẹ̀kán kan nínú omi yìí. Tánkì orí òrùlé ló rán an wá. Òòró mítà 10 kì í fún omi ní ju agbára bar 1 lọ, tiwa kò sì tó ìdajì ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ ń fẹ́ bíi bar 3 tàbí 4. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù fi ń tì í lẹ́yìn.

Aago méje

Mo wọn iyọ̀ kílò 3.5 lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, láti fi sọ omi dúrọ́ọ̀mù di omi òkun. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Iyọ̀ yìí ní magnẹ́síọ̀mù àti kálísíọ̀mù tí iyùn fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀. Inú omi ni a ń da iyọ̀ sí, a kì í da omi lé iyọ̀ lórí. Bí omi bá kéré tí iyọ̀ pọ̀, kálísíọ̀mù á dì, á di ẹfun sí ìsàlẹ̀, kò sì ní yọ́ mọ́. Ife kan, kí pọ́ǹpù inú dúrọ́ọ̀mù rò ó, ife mìíràn. Omi náà funfun bí omi ògì, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ wá.

Ọdún méjì ni mo fi ru omi kí n tó ṣe ètò yìí. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kílò 25 nìyẹn, láti ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi tà nísàlẹ̀ àdúgbò, gun àtẹ̀gùn dé òkè. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn mí, màá ní pípààrọ̀ omi tánkì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á di oṣù. Iyùn á pa ẹnu dé, ewéko aláwọ̀ ilẹ̀ á bo òkúta. Èyí tí a bá fò kì í sì ṣeé san lẹ́ẹ̀kan náà: bí ìdọ̀tí nitrate inú tánkì bá ti di 40, tí mo bá pààrọ̀ lítà 30 nínú 200, 34 ló ṣì kù. Mo ti rí àwọn ẹlẹ́ja tó mọ ìwé jù mí lọ tí tánkì wọn bàjẹ́, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ìwúwo omi ló pa ẹja wọn, kì í ṣe àìmọ̀.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú

Màmá mi, tí wọ́n wá lo oṣù Keje lọ́dọ̀ wa, dúró ti dúrọ́ọ̀mù.

“Àlàbí, ṣé òkun Lẹ́kí ti gbẹ ni, tó o fi ń fi owó ra iyọ̀ ṣe òkun?”

“Kò gbẹ, Màámi. Òjò ló ti là á.”

Òótọ́ ni mo sọ fún wọn. Ní àsìkò òjò, odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn máa ń kún wọ inú ọ̀sà, ọ̀sà á tú sí òkun, iyọ̀ etíkun Èkó á dín, ìdọ̀tí ìlú á sì bá a wọ́ lọ. Bó bá tilẹ̀ mọ́ gaara, ta ni yóò ru ú dé Ṣúrùlérè?

Aago mọ́kànlá

Wọ́n mú iná lọ. Ínfátà gbé pọ́ǹpù àti fáànù tánkì. Dúrọ́ọ̀mù kò dúró.

Aago kan ọ̀sán

Mo kán ẹ̀kán méjì nínú omi dúrọ́ọ̀mù lé ojú awò tí a fi ń wọn iyọ̀, lẹ́yìn tí mo ti fi omi ìdánwò, tó jẹ́ 35 gan-an, tún un ṣe. Mo gbé e kojú fèrèsé. Ibi tí búlúù ti pàdé funfun dúró sí 33. Gíráàmù 35 ló yẹ kó wà nínú kílò omi òkun kan. Iyọ̀ inú korobá ti fa ọ̀rinrin òjò mu, ìwọ̀n rẹ̀ sì tàn mí. Mo fi gíráàmù 220 kún un. Ní aago méjì, 35.

Aago mẹ́ta

Ooru omi tánkì, 26.5. Dúrọ́ọ̀mù, 27. Wọ́n bára mu tó. Ní Èkó ooru là ń bá jà, ìdí nìyí tí fáànù fi ń fẹ́ sí ojú omi tánkì tọ̀sán-tòru. Afẹ́fẹ́ náà ń gba bíi lítà 3 lọ lójúmọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tí kò níyọ̀ ni a fi ń dí i. Ẹni tó bá fi omi iyọ̀ dí i lójoojúmọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ se ẹja rẹ̀ ní iyọ̀.

Aago mẹ́rin

Tánkì náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, ó fẹ̀ ní 50, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 1 jẹ́ lítà 5. Mo ti lẹ téèpù dúdú kan mọ́ gíláàsì ní sẹ̀ǹtímítà 6 sísàlẹ̀ ojú omi. Lítà 30 nìyẹn. N kì í ka korobá mọ́.

Mo pa àwọn pọ́ǹpù. Mo ki rọ́bà bọ inú omi, mo ṣí fáàfù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn gba inú ihò ògiri lọ sí balùwẹ̀. Mo ń fi ẹnu rọ́bà fa ìdọ̀tí láàárín iyanrìn àti ní ẹsẹ̀ òkúta. Edé pupa onílà funfun kan sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, ó gun ọwọ́ mi. Ó fi àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ wínníwínní tú abẹ́ èékánná mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ohun tó ń ṣe fún ẹja nínú òkun náà nìyẹn, ó ń jẹ kòkòrò ara wọn. Mo dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi parí.

Omi kan téèpù. Mo ti fáàfù kan, mo ṣí èkejì, mo tan pọ́ǹpù dúrọ́ọ̀mù. Omi tuntun gba páìpù etí ògiri wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ihò kékeré kan wà lára páìpù náà lókè ojú omi, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ú ni. Kí ihò yẹn tó wà, ẹnu páìpù máa ń wà lábẹ́ omi; lálẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti pa pọ́ǹpù, omi tánkì gba ọ̀nà kan náà padà sínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì kún àkúnya dé yàrá àwọn ọmọ. Ní báyìí, afẹ́fẹ́ á gba inú ihò wọlé, omi á já.

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 26, mo ti nu ọwọ́. Lítà 70 ṣì wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, pọ́ǹpù ń rò ó.

Aago méje alẹ́

Iná tánkì rọlẹ̀, àwọn ẹnu kéékèèké ara iyùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Màmá jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí. Wọ́n fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ pupa ọrùn wọn.

“Irú èyí náà ti mí rí?”

“Ó ti mí rí, Màámi.”

Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ta ni yóò pààrọ̀ omi bí mo bá rìnrìn àjò. Mo mú wọn lọ síbi fáàfù méjèèjì. Wọ́n di ti àkọ́kọ́ mú, wọ́n yí i, a gbọ́ omi nínú balùwẹ̀, wọ́n sì yí i padà.