Kòkó Ló Kọ́kọ́ Rin Ọ̀nà Náà: Ètò Ìrìn-àjò Ọjọ́ Mẹ́rin sí São Tomé

Gbogbo wa la ti gba ẹ̀gbẹ́ Cocoa House kọjá ní Dùgbẹ̀, a sì mọ ìtàn rẹ̀ lórí. Owó kòkó ló kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, owó kòkó yìí kan náà ló sì wà nídìí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Ohun tí wọn kì í sábà bi wá nínú ìdánwò ni ibi tí kòkó fúnra rẹ̀ ti wá. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà nínú òkun ní ìsàlẹ̀ wa níbí ló sì ti kọ́kọ́ ta gbòǹgbò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí a ń wá ibi tí a lè gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lọ fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìdánwò, ibi tí kò ní jẹ́ Cotonou tí gbogbo èèyàn ti lọ, orúkọ São Tomé jáde. Etíkun wà níbẹ̀, igi àgbọn wà, òkè wà, gbogbo ohun tí Instagram ń fẹ́ ló pé síbẹ̀. Ohun tó mú wa jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀, ọ̀nà oko kòkó àtijọ́ ni. Àwọn ilé àlejò kan tó dára jù, ilé àwọn ọ̀gá oko ni. Ẹni tí kò mọ ìtàn ibẹ̀ á kàn ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn ni, á sì máa lọ. A wá pinnu pé ìpasẹ̀ kòkó la ó fi to ètò wa, kí etíkun gba ibi tó bá ṣẹ́ kù.

Kí á tètè mú ọ̀rọ̀ ìwé kúrò nílẹ̀. Orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe kò sí nínú ECOWAS. ECCAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè àárín gbùngbùn Áfíríkà, ni wọ́n wà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí a ti ń ṣe ní Sẹ̀mẹ̀ la ó ṣe níbẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ físà kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ òfurufú, kí yẹ́lò káàdì yín sì wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Euro ni kí ẹ mú dání. Dóbrà ni owó wọn, dóbrà 24.5 ló jẹ́ euro kan, wọ́n ti so ó mọ́ ọn. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, gravana ni wọ́n ń pè é. Àsìkò tí òjò ń dà wá láàmú nílé gan-an ni ọ̀nà igbó tiwọn ń gbẹ.

Príncipe ló dùn wá láti yọ kúrò. Ibẹ̀ ni kòkó ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ láti Bràsíìlì ní nǹkan bí 1820. Ibẹ̀ náà, ní oko Sundy, ni Arthur Eddington ti wo ọ̀sán tó dòru ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, tó fi dán àbá Einstein wò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú mìíràn lèèyàn máa wọ̀ débẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin kò sì gbà á.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, inú ìlú São Tomé la ó wà. Mùsíọ́ọ̀mù wọn wà nínú odi àtijọ́ kan tó ń jẹ́ São Sebastião, létí òkun. Ère mẹ́ta ló dúró níwájú rẹ̀, ti àwọn Potogí tí wọ́n sọ pé wọ́n ṣàwárí ibẹ̀ ní nǹkan bí 1470. Òótọ́ ni pé wọn kò bá ẹnikẹ́ni lórí erékùṣù náà. Ìrèké ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣọrọ̀, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Benin àti Kóńgò ló sì ń gbìn ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ gbọ́ èyí: àwọn onímọ̀ tó yẹ èdè Forro wò, èyí tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ títí dòní, rí i pé èdè Potogí ló pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ipa èdè Ẹ̀dó hàn gbangba nínú rẹ̀. Ôbô ni wọ́n ń pe igbó. A mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ fonọ́lọ́jì.

Oko ìrèké yìí ló bí Amador. Ní oṣù keje ọdún 1595, ó kó àwọn ẹrú jọ, wọ́n dáná sun àwọn ilé ìfúnrèké, ó sì pe ara rẹ̀ ní ọba. Wọ́n pa á ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò sí nínú ère mẹ́ta tó wà níwájú odi, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ wà lára owó wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ń gba ìsinmi fún un ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní.

Ọjọ́ kejì, òkè. Monte Café kò jìnnà sí olú-ìlú, inú kùrukùru ló wà, kọfí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù kọfí sì wà níbẹ̀ báyìí. Lókè rẹ̀ ni Bom Sucesso, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti wọ igbó lọ sí Lagoa Amélia. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín, kò sí omi tí ẹ máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Koríko ti bo ojú ihò òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀. Bàtà tí kì í yọ̀, ẹ̀wù òjò, omi, àti ọmọ ìlú kan tó mọ̀nà. Ìyẹn tó.

Orí òkè yìí ni èèyàn á ti rí bí gbogbo ilẹ̀ náà ṣe kéré tó. Erékùṣù náà kò gùn tó kìlómítà 50, síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ lágbàáyé tó ń kó kòkó jáde tó o. Ta ló ń ṣiṣẹ́ náà? Òfin Potogí sọ pé oko ẹrú tán ní 1875. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni àdéhùn ọdún márùn-ún. Wọ́n ń kó àwọn èèyàn láti inú Àǹgólà lọ́hùn-ún, wọ́n ń ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò lè kà, wọ́n sì ń kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ọdún márùn-ún bá pé, wọ́n á tún un ṣe. Àwọn tó padà rí ilé wọn kò tó nǹkan. Serviçal ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn òṣìṣẹ́, kí wọ́n má bàa pè wọ́n ní ẹrú.

Ilé iṣẹ́ Cadbury, Cadbury tí a mọ̀ náà, ń ra kòkó yìí. Láti 1901 ni wọ́n ti gbọ́ bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀. Akọ̀ròyìn kan, Henry Nevinson, tẹ̀lé ọ̀nà àwọn ẹrú náà láti Àǹgólà dé erékùṣù, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1906. Ó di 1909 kí Cadbury àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣíwọ́ rírà. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ tí Cadbury pe ìwé ìròyìn Standard ní Birmingham pé ó ba àwọn lórúkọ jẹ́. Wọ́n jàre, àmọ́ farthing kan péré ni wọ́n ní kí wọ́n san fún wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́nì. Àwa kò tíì rí ìdájọ́ tó sọ̀rọ̀ ju owó yẹn lọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Láti àwọn erékùṣù wọ̀nyí ni kòkó ti ré kọjá sí Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko lónìí, láti Fernando Po ló sì ti wọ ilẹ̀. Tetteh Quarshie gbé e wọ Gold Coast. Ní tiwa, J. P. L. Davies dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agége, ní nǹkan bí 1880. Ọmọ Sàró ni, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, òun náà sì ni ọkọ Sarah Forbes Bonetta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ Agége yòókù. Àwọn tó wá ṣe lébìrà ní oko wọn kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì di irúgbìn kòkó padà sílé. Báyìí ni àgbẹ̀ tó ní éékà díẹ̀ lórí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ṣe di olóko kòkó. Irúgbìn kan náà, ojú ọjọ́ tó jọra. Ní São Tomé ó sọ èèyàn di ẹrú olóko ńlá, ní ọ̀dọ̀ wa ó rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ọwọ́ ẹni tí ilẹ̀ wà ló fà á.

Ẹ má sì jẹ́ ká tètè gbéra ga. Àwọn ìwọ̀fà wà lára àwọn tó ro oko kòkó tiwa náà, àwọn ọmọ tí wọ́n fi dúró nítorí gbèsè bàbá wọn. A kò rí ère tiwọn náà ní Dùgbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ìlà-oòrùn erékùṣù. Água-Izé ni oko João Maria de Sousa Almeida, ọmọ Príncipe tí kì í ṣe òyìnbó pátápátá, tó ti ṣòwò ní Benguela kó tó wá sọ kòkó di iṣẹ́ ńlá ní São Tomé. Roça ni wọ́n ń pe irú oko bẹ́ẹ̀, ìlú kékeré ló sì jẹ́: ilé ọ̀gá, ilé ìwòsàn, pápá ìsákòkó, ojú irin, àti ọ̀wọ́ yàrá tóóró tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Ìjọba gba àwọn roça ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1975, kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn òmìnira. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú yàrá wọ̀nyẹn, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá láti Àǹgólà àti Cape Verde. Nítorí náà, kì í ṣe ahoro tí èèyàn kàn máa wọ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ kí wọn. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn.

Láti ibẹ̀, ọkọ̀ á gbé wa lọ sí Angolares, níbi tí wọ́n ti sọ ilé ọ̀gá oko di ilé àlejò àti ilé oúnjẹ. Ìjà wa wà lórí èyí. Àwọn kan nínú wa ní àwọn kò lè sùn ní yàrá ọ̀gá; àwọn yòókù ní ọmọ ilẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, owó wa á sì dé ọwọ́ wọn. A fẹnu kò sí oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ orun ṣì wà nílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, àríwá. Roça Agostinho Neto ló tóbi jù nínú gbogbo àwọn tí a ó rí, ilé ìwòsàn rẹ̀ gan-an dà bí ààfin. Rio do Ouro ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. A ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Fernão Dias létí òkun. Àwọn Forro, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n ti dòmìnira tipẹ́tipẹ́, kò gbà láti ṣiṣẹ́ roça rí. Ní 1953 ìròyìn tàn pé gómìnà Gorgulho fẹ́ fipá kó wọn lọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ̀. Láti ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú. Fernão Dias ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n mú lọ fún iṣẹ́ ìyà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń rántí pé wọ́n ní kí wọ́n máa fi garawa gbọ́n omi òkun. Batepá ni wọ́n ń pe ìpakúpa náà, ọjọ́ ìsinmi sì ni ọjọ́ kẹta oṣù kejì.

Ìrántí wọn wà ní etíkun ibẹ̀. A kò ní lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí à ń gbà padà sí ìlú ni pápákọ̀ òfurufú wà, báàgì wa á sì ti wà lẹ́yìn wa láti òwúrọ̀, nítorí náà láti Fernão Dias tààrà la ó ti wọ takisí.