Àyẹ̀wò Ìwé àti Ìtàn Ilẹ̀ Yewa

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ní yunifásítì máa ńṣe: wọn a ka ìwé tuntun, wọn a sì kọ èrò wọn nípa rẹ̀ jáde fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn kan rò pé ìyìn ni iṣẹ́ náà, àwọn mìíràn rò pé èébú ni. Ìdájọ́ ni, àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ilẹ̀ Yewa, tí a ńpè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, ṣe àpẹẹrẹ.

Alùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù ní ìlú òyìnbó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìṣúra ńlá ni. Síbẹ̀, ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ayé. Ẹ̀gbádò kàn ńyọjú níbẹ̀ bí ẹni tí ńsin Aláàfin.

Ẹni tí ó bá wọn irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa yóò rí àlàfo tí ó kù. Ní 1967, Kọ́lá Fọláyan kọ ìwé oyè Másítà rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí Ẹ̀gbádò láti 1832 dé 1894. Ohun tí ojú Ẹ̀gbádò fúnra rẹ̀ rí láàárín àwọn alágbára tí ó yí i ká ni ó wádìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1976. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pa ní 1889 ti fi Kétu sí apá kan, ó fi Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó sí apá kejì; Aṣíwájú sì gbé ìjọba méjèèjì yẹ̀ wò pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ́ láti bi ìwé ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ó wí? Lẹ́nu ta ni ó ti gbọ́ ọ? Ẹjọ́ ta ni kò gbọ́? Bí a bá fi ìyìn bo ìwé, àṣìṣe inú rẹ̀ yóò di ìtàn fún ọmọ Ìlaròó àti Ayétòrò. Bí a bá sì fi èébú lé e sẹ́yìn, ìṣúra inú rẹ̀ yóò bá a lọ.