Àwọn ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà wọn bára mu nínú èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ Yorùbá púpọ̀ ló ń lo lẹ́tà kan náà ní ìtẹ̀léra kan náà, tí ìtumọ̀ wọn sì jìnnà síra. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn mẹ́ta ni èdè náà ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni a ń fi àmì sí. A kì í sábà fi àmì sí àárín. Lẹ́tà tó kọ igba, tí í ṣe 200, náà ló kọ igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tó ń lọ, àti igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn, ará ilé, àrá tó ń sán àti àrà tí a ń dá.

Bí àmì ìdí lẹ́tà bá tún sọnù, ọ̀rọ̀ á dàrú pátápátá. Owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà, àti Ọ̀wọ̀, ìlú ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbogbo wọn á di owo. Odò Ògùn ni wọ́n fi sọ Ìpínlẹ̀ Ògùn lórúkọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976, ṣùgbọ́n Ogun ló wà lára pátákó, bí ẹni pé ogun jíjà ni wọ́n ń sọ.

Ní Alímòṣọ́, l'Ékòó, pátákó ń kọ Egan láìsí àmì kankan. Lẹ́tà mẹ́rin yìí lè jẹ́ ẹgàn, igbó kìjikìji. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀gàn, tí kò yẹ kí a fi pe ilé ẹnikẹ́ni. Ọmọ àdúgbò kò ní ṣì í pè, nítorí etí ló fi kọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ará Alímòṣọ́ ló ti ibòmíràn wá, ojú sì ni wọ́n fi ń kọ́ orúkọ àdúgbò. Egbe náà wà ní agbègbè yẹn: àjèjì lè ka ẹgbẹ́, ẹ̀gbẹ́, ègbè, tàbí ègbé pàápàá. Ó dùn mí pé orúkọ ìlú ni a kọ́kọ́ ń bọ́ láṣọ báyìí.

A kò sì ṣaláìní ohun èlò tí a lè fi kọ wọ́n bó ṣe yẹ. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London ní 1843. Ìpàdé kan jókòó lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ jáde ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Àwọn Yorùbá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà ní àkọtọ́ tiwọn: ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ níbi tí tiwa ti ní ẹ àti ọ.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ìṣòro yìí: ough kan náà ló wà nínú tough, cough, bough àti through, ìró mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí àmì tó lè tọ́ ọmọ ilé ìwé sọ́nà. Tiwa ní àmì, àfi níbi mélòó kan tí àmì kò ti lè ràn wá lọ́wọ́: ogún tó tẹ̀ lé mọ́kàndínlógún àti ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fọ́mọ jọra délẹ̀ ní lẹ́tà àti ní ohùn, gbólóhùn tó yí wọn ká nìkan ló ń yà wọ́n.