Ìnáwó ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba ní Amẹ́ríkà

Ìnáwó ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba ní Amẹ́ríkà jẹ́ ètò tí àwọn yunifásítì tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ fi ń rí owó kọ́ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, tí wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, owó tí ìjọba ń fún yunifásítì wà fún ẹ̀kọ́. Ilé ìgbé ní láti bọ́ ara rẹ̀. Ìṣirò owó rẹ̀ dá dúró: nínú owó ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san ni owó iná, omi, àtúnṣe àti owó oṣù òṣìṣẹ́ ti ń jáde, àti gbèsè pẹ̀lú.

Bọ́ǹdì

Owó ilé ọdún kan kò tó kọ́ ilé. Yunifásítì a máa ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé àdéhùn gbèsè, fún àwọn olùdókòòwò, a sì máa san án padà pẹ̀lú èlé fún nǹkan bí 30 ọdún. Owó tó ń wọlé ló sábà máa ń dúró fún bọ́ǹdì yìí, kì í ṣe owó orí ará ìlú. Ìjọba àpapọ̀ kì í sábà gba owó orí lórí èlé rẹ̀, nítorí náà ni àwọn olùdókòòwò ṣe ń gba èlé tó kéré.

Àdéhùn náà le díẹ̀. Bí ó bá sọ pé èrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.2 gbèsè, yunifásítì tó jẹ gbèsè mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ́dún gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù 12 lọ́wọ́ lẹ́yìn ìnáwó gbogbo. Bí yàrá bá ṣófo, àwọn tó kù ni owó ilé lè gorí lé.

Ìtàn

Òfin ilé gbígbé ti ọdún 1950, tí Ààrẹ Harry S. Truman fọwọ́ sí, ló mú kí ìjọba àpapọ̀ máa yá àwọn yunifásítì lówó ìkọ́lé ní èlé kékeré. Àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé ti kún ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ní ọdún 2020, àrùn COVID-19 lé akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì dá lára owó ilé padà fún wọn, ṣùgbọ́n gbèsè bọ́ǹdì kò dúró.

Ní 2021, California dá ètò ìrànwọ́ sílẹ̀ fún kíkọ́ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí jájẹ lè san owó rẹ̀. Nígbà tí owó ìpínlẹ̀ náà fà sẹ́yìn ní 2023, ó ní kí àwọn yunifásítì rẹ̀ ta bọ́ǹdì dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni yóò máa pèsè owó tí wọn yóò fi san gbèsè náà.