Bí àwọn fọ́tògíráfà wa ṣe kọ́ oòrùn Kánò



Ọmọ wa kan gbé kámẹ́rà tuntun wá síbi ìsọmọlórúkọ láìpẹ́ yìí, ó fi í sí ọ́tò. Léèsì ìyá ìkókó funfun báláú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, a ò rí imú, a ò rí ẹnu. Àgbà kan ní àwọn bàbá wa ò jẹ́ ya irú èyí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ ká kọ ìtàn yìí.

Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911. Ní nǹkan bí 1913 ni ìjọba òyìnbó ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwa àlejò tó ti ìsàlẹ̀ wá. Akọ̀wé dé, òṣìṣẹ́ rélùwéè dé, oníṣòwò dé, oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀ lé wọn, fọ́tògíráfà náà ò sì gbẹ́yìn. Kì í ṣe Kánò nìkan o. Herzekiah Andrew Shanu, tí wọ́n bí lápá Èkó, ti wà ní Kóńgò láti 1884, ó sì ń ya fọ́tò níbẹ̀. Yorùbá ṣí sítúdíò kiri Gánà, Tógò, Nìjẹ̀ àti Ivory Coast. Ọmọ iṣẹ́ á gba fúríìdọ̀mù, á sì lọ ṣí tirẹ̀ sílùú mìíràn.

Kí ni ọ̀gá fi ń kọ́ wọn? Nọ́ńbà mẹ́ta. Èkíní ni agbára fíìmù, bíi 100. Èkejì ni bí ojú lẹ́ǹsì ṣe là tó: 16 là díẹ̀, 4 là gbayawu. Nọ́ńbà ńlá, ihò kékeré. Ibẹ̀ ló ti ń dàrú mọ́ ọmọ iṣẹ́ lójú. Ẹ̀kẹta ni bí ojú yẹn ṣe ń yára pa dé: 125 ni pé ká pín sẹ́kọ́ńdì kan sọ́nà 125, ká mú ẹyọ kan. Fíìmù 100 nínú oòrùn gangan: 16 àti 125. Bí ọyẹ́ bá bo oòrùn díẹ̀, 11. Lábẹ́ ìbòji, 5.6 tàbí 4. Kodak máa ń ya oòrùn àti ìkùukùu sórí ìwé tó wà pẹ̀lú fíìmù, kẹ́ni tí kò kàwé náà lè mọ̀ ọ́n. Fíìmù inú Yashica, fọ́tò méjìlá péré ni. Àṣìṣe kan, owó ti lọ.

Àwa náà jẹ nínú ìyà yẹn. Lọ́dún Iléyá kan, a yá kámẹ́rà, a fi nọ́ńbà inú ilé ya àwọn ọmọ àti àgbò níta. Nígbà tí fọ́tò jáde, gbogbo rẹ̀ funfun, àgbò sì dà bí olórí méjì torí pé ó mira. Ká tó rí fọ́tò, a ti jẹ àgbò tán.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ju eré lọ. Ní 1978, Stephen Sprague kọ nípa àwọn fọ́tògíráfà Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ìbejì kan bá kú láìya fọ́tò, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n á tún wọ tobìnrin. Bí ìmọ́lẹ̀ apá kan bá yàtọ̀ sí tèkejì, ìyá á rí ojú àpá.

Nígbà tí iná jó ọjà Sabon Gari ní oṣù Kẹta 2016, ọjà tó jóná ni gbogbo ayé ń kà. Àwa mọ àwọn tí fọ́tò òbí wọn bá a lọ. Fóònù náà ń sọnù, gbogbo ọdún mẹ́wàá á bá a lọ.

Torí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fi kámẹ́rà sí M. Ẹ mú èèyàn bọ́ sábẹ́ ìbòji, ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀, kì í ṣe ti léèsì. Ẹ tẹ díẹ̀ sórí pépà, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní fọ́tò Sabon Gari ayé ọjọ́un nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde síbí, ká jọ dárúkọ wọn nígbà tẹ́ni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà.